Ẹmu Àárọ̀ Nínú Ọyẹ́ Ìwó

Ọyẹ́ mú gan-an nígbà tí a kọjá ọjà Odò-Orí. Ètè wa ti bó, eruku tó ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá sì ti kùn wá lójú bí àtíkè. Ìwó, ìlú odídẹrẹ́, kò tíì jí tán tí a fi wọ ọ̀nà oko.

Ẹlẹ́mu tí a bá nídìí ọ̀pẹ ń fọwọ́ tẹ igbà rẹ̀ wò.

“Igbà á rọ̀ o, Bàbá.”

“Àṣẹ! Ẹ kú ọyẹ́.” Ó ní àsìkò yìí gan-an ni òun nílò àdúrà náà, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń mú kí igbà le gan. Imọ̀ ọ̀pẹ ń mì lókè, síbẹ̀ ó gùn ún. Akèrègbè tó gbé kalẹ̀ ní ewé lẹ́nu, kí eruku má bàa wọ̀ ọ́.

Ó bù fún wa. Ẹmu náà tutù, ó dùn, ó sì ń ta ahọ́n díẹ̀. Ṣúgà ló pọ̀ nínú omi ọ̀pẹ nígbà tó bá ń kán. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti ti ara akèrègbè ló ń sọ ọ́ di ọtí láàárín wákàtí mélòó kan. Àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn ló wá ń mú un kan. Otútù kì í jẹ́ kí gbogbo wọn yára ṣiṣẹ́. Òwúrọ̀ ọyẹ́ lè tutù tó ìwọ̀n 20 ti Celsius, nígbà mìíràn kó tún lọ sílẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ọ̀sán bá ti gbé e kọjá 30, kíkan dé nìyẹn.

Ní Champagne nílẹ̀ Faransé, otútù ni kì í jẹ́ kí kíkan tán lára èso àjàrà, ohun tí àwọn olóko ibẹ̀ sì ń fẹ́ nìyẹn. Ní tiwa, a fẹ́ kí otútù dá kíkan dúró. Tiwa ló wù mí jù.

Kò sí òjò tí yóò bomi la ẹmu lásìkò yìí. Iná oko nìkan ni ẹ̀rù tó ń ba Bàbá. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìwó, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í fẹnu kan ẹmu, ṣùgbọ́n akèrègbè rẹ̀ kì í pẹ́ ṣófo.

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Ìwó nínú ọyẹ́, ẹ tètè dé. Ẹ má sì sanwó ẹmu àárọ̀ fún ẹni tó ń ta ti ọ̀sán tó fi ṣúgà tún ṣe.