Oṣù 18 ní Àgbádárìgì

Kò sí ẹni tí ó níláti kọ́ obìnrin Ìkálẹ̀ ní ohun tí à ń pè ní ìdúró. Ẹni tí ó ń ṣe púpurú ní Ìkọ̀yà mọ̀ pé bí òun tilẹ̀ yára bó ẹ̀gẹ́ òun, omi ni yóò sọ ìgbà tí yóò rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, a ó ṣa okùn inú rẹ̀ kúrò, a ó gbé nǹkan wúwo lé e kí omi rẹ̀ lè ro, a ó mọ ọ́n roboto, a ó sì tò ó sórí àjà iná kí èéfín gbẹ ẹ́.

Ìdúró irú èyí kò le, nítorí a mọ ọjọ́ rẹ̀. Èyí tí ó le ni ti ẹni tí kò mọ ọjọ́. Ní ọdún 2016, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Òǹdó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní owó ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn olùkọ́ wa tọ́ ọ wò. Bí a bá fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé àkókò Olúwa ni ó dára jù lọ, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń sọ.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa tún ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther gbé yẹ̀wò, pàápàá ibi tí a máa ń fò kọjá nínú kíláàsì. Ní 1821 ni ogun kó Àjàyí ní Òṣogùn. Bàbá rẹ̀ kú lójú ogun. Òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ sì pínyà lóko ẹrú. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kàwé. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì di àlùfáà ní 1843.

Nígbà tí òun àti Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní 1845, Abẹ́òkúta ni ojú wọn wà, Ṣódẹkẹ́ ni wọ́n sì gbójú lé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ọ̀nà dí. Bí oṣù 18 ni wọ́n fi jókòó sétí òkun. Wọn kò káwọ́ lẹ́rán: wọ́n wàásù, wọ́n kọ́ ọmọdé ní ìwé, wọ́n kọ́lé. Àjàyí kò sì mọ̀ rárá pé ìyá òun wà láàyè, nítòsí ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ dí mọ́ òun.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1846, ìyá náà wá a wá sí Abẹ́òkúta. Ó wárìrì nígbà tí ó rí i. Wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu wọn. Ọdún 25 ti kọjá. Iye ọdún kan náà ni ó wà láàrin ìgbà tí Ábúráhámù jáde kúrò ní Háránì àti ìgbà tí a bí Ísáákì, ṣùgbọ́n Ábúráhámù gbọ́ ìlérí kí ó tó máa dúró. Àfàlá kò gbọ́ ìlérí kankan. Ní 1848 ó ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi ìtàn yìí ṣe oògùn oorun o. Bàbá Àjàyí kò padà wá. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tẹ́ńbẹ́lú bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà níwájú iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Ọjọ́ tí ọdún 1891 parí ni ó kú, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó di ọdún 2014 kí Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury nígbà náà, tó tọrọ àforíjì nínú kàtídírà tí wọ́n ti fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ìrètí tí kò bá kọjá ibojì kò lè gbé irú ọ̀ràn yìí. Ti Kristẹni kọjá ibẹ̀, nítorí ibojì kan ti ṣófo ní Jerúsálẹ́mù.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwa tí à ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèlú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó fi wà láìsí iná mànàmáná. Ẹni tí ó bá pe èyí ní àkókò Olúwa ń purọ́ mọ́ Olúwa. Iṣẹ́ tí ènìyàn kọ̀ tí kò ṣe ni. Onígbàgbọ́ lè kúnlẹ̀ àdúrà ní òwúrọ̀, kí ó sì kọ ìwé sí aṣòfin rẹ̀ ní ọ̀sán.

Nínú àwọn ìjọ wa, ẹni tí ó ti rí ìdáhùn ni à ń pè síwájú láti jẹ́rìí. Ẹni tí ó ṣì wà ní Àgbádárìgì tirẹ̀ a jókòó sẹ́yìn, a máa pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn, a sì máa dá nìkan lọ sílé. Ẹ̀yin alàgbà ìjọ ní Ìkọ̀yà àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ mọ orúkọ wọn. Ẹ yà sọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Púpurú díẹ̀ àti ẹja kò pọ̀ jù.