Tìráńsífọ́mà Kékeré, Ewu Ńlá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ìkìrun, ní Inísà àti ní Òkukù, láti ìgbà tí ojú irin ti dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tí ó sì gba ọ̀dọ̀ yín kọjá lọ sí Ìlọrin, ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe àjèjì lójú àwọn ọmọ yín. Kò ṣe ìyanu, nígbà náà, bí ọmọdé bá yọ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀ tí kò rìn mọ́, tí bàbá sì gbé tìráńsífọ́mà rẹ̀ kalẹ̀ láti tún un ṣe nílé, ọ̀rọ̀ di ti àgbà.

Irin pẹlẹbẹ púpọ̀ tí a tò léra ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú wáyà bàbà méjì tí a wé mọ́ ọn, tí èkíní kò kan èkejì. Michael Faraday ni ó fi ìdí irú iṣẹ́ yìí han aráyé ní London ní ọdún 1831. Bí a bá wé wáyà ti ìhà ògiri ní ìgbà 1,150, tí a sì wé ti ìhà ọkọ̀ ní ìgbà 60, iná 230 fólìtì yóò di 12.

Ẹ kọ́kọ́ yọ okùn iná kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọrùn okùn náà, níbi tí ó ti máa ń já; ẹ wo fíúsì; ẹ sì wò bóyá ìṣó tàbí abẹ́rẹ́ dábùú irin méjèèjì. Okùn tí ó já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n bí tìráńsífọ́mà bá ń rùn bí ohun tí ó jóná, ẹ má ṣe ṣí i. Ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 120 fólìtì ni a ṣe é fún. Ẹni tí ó pààrọ̀ orí okùn rẹ̀ nìkan kí ó lè wọ ihò ògiri wa kò tún un ṣe, ó fẹ́ sun ún ni.

Ewu kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí: tìráńsífọ́mà kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ó ń gba orí irin àwọn ọkọ̀ Lionel àtijọ́. Bí a bá so tìráńsífọ́mà méjì mọ́ irú irin bẹ́ẹ̀, tí a sì yọ ọ̀kan kúrò lára ògiri nígbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́, iná kékeré yóò gba ẹ̀yìn wọ èyí tí a yọ, yóò di ńlá, orí okùn tí ọmọ dì mú yóò sì lè pa á.

Bákan náà ni ti tìráńsífọ́mà àdúgbò, tí ó ń sọ 11,000 fólìtì di 415. Ẹni tí ó bá ti iná jẹnẹrétọ̀ bọ inú wáyà ilé, láìfi ṣéńjóófà yà á kúrò lára iná ìta, lè sọ iná òpó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólìtì níbi tí òṣìṣẹ́ ti gbà pé kò sí iná rárá. Ọmọ ẹnìkan ni òṣìṣẹ́ náà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí baálé yọ okùn kí ó tó na ọwọ́ sí sukudiráfà.