Ètò Iṣẹ́ Ìlú: Kí Iṣẹ́ Ṣáájú Orúkọ

Ètò iṣẹ́ ìlú ni èyí tí ìjọba fi ń gba àwọn aláìríṣẹ́ṣe láti ṣe ohun tí gbogbo ará ìlú yóò jàǹfààní rẹ̀, bíi kíkó gọ́tà tàbí títún ọ̀nà oko ṣe. Kì í ṣe owó ìrànwọ́, nítorí ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ni ó ń gbowó.

Irú ètò yìí kò ṣàjèjì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Lẹ́yìn tí Gómìnà Rauf Aregbesola gorí àlééfà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, ìjọba gba ọ̀dọ́ 20,000 sínú ètò O-YES, pẹ̀lú owó ìtìlẹ́yìn ₦10,000 lóṣù. Ìmọ́tótó àyíká àti ìdarí ọkọ̀ wà lára iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀: ènìyàn 1,000 láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774, ₦20,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta péré. Fún ìjọba ìbílẹ̀ 30 tí ó wà ní Ọ̀ṣun, owó òṣìṣẹ́ nìkan jẹ́ bílíọ̀nù 1.8 náírà, láìka ṣọ́bìrì.

Ní tiwa, oṣù mẹ́ta kò tó. Kí ni ẹni tí ó kó gọ́tà fún oṣù mẹ́ta yóò jẹ ní oṣù kẹrin? Iye ènìyàn ni a sì kọ́kọ́ pín, kí a tó béèrè iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni Amẹ́ríkà gbà nígbà tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Ààrẹ Franklin Roosevelt dá àjọ WPA sílẹ̀ ní ọdún 1935, àjọ náà sì wà títí di ọdún 1943. Ó gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 ènìyàn síṣẹ́. Ìlú tàbí ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá fẹ́ afárá tàbí ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń mú àbá wá, tí ó sì ń dá lára owó ohun èlò. Ọwọ́ wọn wà nínú kíkọ́ pápákọ̀ òfurufú LaGuardia ní New York, èyí tí ọkọ̀ òfurufú ṣì ń bà sí títí di òní. Àní àwọn òǹkọ̀wé pàápàá rí iṣẹ́ níbẹ̀: àwọn ni wọ́n kọ ìtàn ẹnu àwọn ẹrú àtijọ́ tó lé ní 2,000 sílẹ̀, kí àwọn arúgbó náà tó kú tán.

Bí a óò bá tún irú ètò bẹ́ẹ̀ gbé dìde, àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ni yóò kọ́kọ́ níṣẹ́ láti ṣe: kí wọ́n kọ ọ̀nà tí ó bàjẹ́, afárá tí ó já àti iye bíríkìlà àti káfíńtà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó máa kọ orúkọ ènìyàn.