ṢỌ́Ọ̀ṢÌ ÀWỌN ALÁPATÀ: WỌ́N WÓ O TÁN, ILÉ AGOGO RẸ̀ Ò WÓ!

Ẹ̀yin alápatà, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ẹran títà ò níyì, ẹ ní kó lọ wo Páríìsì, olú-ìlú ilẹ̀ Faransé. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Saint-Jacques-de-la-Boucherie, ìyẹn Jákọ́bù Mímọ́ ti Ìsọ̀ Ẹran. Ìtòsí ìsọ̀ àwọn alápatà ló wà, àwọn sì ni gbajúmọ̀ ìjọ náà.

Ọmọ ìjọ kan wà, Nicolas Flamel. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe: ó ń bá ará ìlú kọ̀wé, ó sì ń ta ìwé. Ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an ni ìsọ̀ rẹ̀ fara tì. Perenelle, ìyàwó rẹ̀, ti ṣe opó rí kó tó fẹ́ ẹ, òun náà sì mú owó wálé. Ní 1389, Flamel fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó kú ní 1418, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Nígbà tó yá, aráyé ní ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ òjé di wúrà ni. Ẹ ò rí ayé! Oníṣẹ́ ọwọ́ ò gbọdọ̀ là kí wọ́n má wí.

Láti 1509 sí 1523 ni wọ́n kọ́ ilé agogo rẹ̀. Òkúta ni látòkè délẹ̀, ó ga tó nǹkan bíi mítà 54. Àwọn agbẹ́kùúta dárà sí i lára bí ẹní hun léèsì. Ère Jákọ́bù, kìnnìún, akọ màlúù àti idì wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkè rẹ̀. Ibẹ̀ làwọn arìnrìn-àjò ti ń gbéra lọ sí ojúbọ Jákọ́bù ní Compostela, ilẹ̀ Sípéènì.

Ní 1789, ìlú dàrú, ìjọba tuntun gba dúkìá ìjọ. Nígbà tó fi di 1797, wọ́n ti ta ṣọ́ọ̀ṣì náà fún àwọn tó ń ra òkúta ilé àlòkù, wọ́n sì wó o palẹ̀. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé agogo. Bó ṣe bọ́ nìyẹn o! Ẹnìkan tiẹ̀ sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń rọ ọta ìbọn: wọ́n á da òjé yíyọ́ sílẹ̀ látòkè, á máa kán bí òjò, á di róbótó kó tó balẹ̀.

Òkúta sàréè Flamel ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ewébẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ó ti dojú rẹ̀ dé, ó ń gé ẹ̀fọ́ lórí ẹ̀yìn rẹ̀! Ó ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Cluny báyìí.

Ìlú Páríìsì ra ilé agogo náà padà ní 1836. Ní 1998, àjọ UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ó ṣì dúró ṣánṣán láàárín ìlú dòní.

Ẹ̀yin èèyàn wa, gbólóhùn kan nínú ìwé ló gbà á là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ta ilé bàbá yín, ohun tí ẹ ò tà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbowó. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹyẹ ni, fífò ló ń fò lọ.