Ṣé O Mọ̀? Linux Ti Di Ará Ilé Windows

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 2001, Steve Ballmer, ọ̀gá àgbà Microsoft nígbà náà, la ẹnu pe Linux ní àrùn jẹjẹrẹ? Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2016, Microsoft yìí kan náà ló dìde ní San Francisco, tó kéde pé irinṣẹ́ Linux yóò máa ṣiṣẹ́ nínú Windows 10. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn ọjà. Àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń kó lọ sórí Mac, torí pé Linux ló sábà máa ń wà lórí sáfà tí iṣẹ́ wọn ń bọ́ sí, Mac àti Linux sì jọ ń gbọ́ àwọn àṣẹ tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ Unix, ètò àgbà tó ti wà ṣáájú wọn.

Ṣé o mọ̀ pé inú iṣẹ́ tó forí ṣánpọ́n ni nǹkan náà ti jáde? Microsoft ti fẹ́ kí áàpù Android máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù Windows, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní Astoria. Orí Linux ni Android jókòó lé. Wọ́n pa Astoria tì, ṣùgbọ́n wọn ò da ọgbọ́n inú rẹ̀ nù. Ohun tó tibẹ̀ jáde là ń pè ní WSL, ìyẹn Windows Subsystem for Linux.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé WSL àkọ́kọ́ kò ní kernel Linux nínú rárá. Ètò kọ̀ǹpútà kì í dá fáìlì ṣí fúnra rẹ̀. Ọwọ́ kernel, tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, ló ti máa ń tọrọ ẹ̀. Bí ètò bá ti tọrọ nǹkan lédè Linux, Windows a ṣe ògbufọ̀, a sì dá a lóhùn bíi pé Linux ló ń sọ̀rọ̀. Ètò náà kò ní mọ̀ pé ilé onílé lòun wà. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ náà ò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Docker, irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ kóòdù, ò ṣe é lò níbẹ̀, git, irinṣẹ́ wọn mìíràn tó ń ṣí fáìlì kéékèèké rẹpẹtẹ, sì ń falẹ̀. Lọ́dún 2019, wọ́n kéde WSL 2: kernel Linux gidi, tí Microsoft fọwọ́ ara rẹ̀ tò, nínú kọ̀ǹpútà àfarawé kan tó fúyẹ́. Jẹjẹrẹ ọjọ́sí rèé o!

Síbẹ̀, tàkọ́kọ́ ṣì yára ju èkejì lọ bó bá di kíka fáìlì tó wà lórí dírafù C ti Windows. Ẹni tó ń lo WSL 2, apá Linux ni kó kó iṣẹ́ rẹ̀ sí.

Ṣé o mọ̀ pé Linux ò tíì dáyé tí Microsoft ti ní Unix tirẹ̀? Xenix lorúkọ rẹ̀, ọdún 1980 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ọdún 1991 ni Linus Torvalds ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Linux jáde ní Helsinki.

Àwọn ará Linux náà ń ṣe tiwọn. Láti 1993 ni wọ́n ti ń kọ Wine, tó ń mú kí ètò Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ọdún 15 gbáko ló gbà wọ́n kí wọ́n tó gbé ẹ̀dà 1.0 jáde. Òun ló wà nídìí Proton, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbá géèmù Windows lórí ẹ̀rọ géèmù Steam Deck lónìí láìsí Windows nínú rẹ̀.

Ìbéèrè tó gba nọ́ńbà kìn-ín-ní lójúlé WSL lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, sì ńkọ́? Ẹnìkan ń béèrè bóyá Microsoft yóò ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fáyé rí. Oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n tó dá a lóhùn: wọ́n ṣí i.