Ta Ni Yóò Máa Wá Mú Ọmọ Yìí?

Lórí bẹ́ǹṣì iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, ìyá kan ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í. "A, ajá. B ńkọ́?" Ọmọ náà ń wo aláǹgbá tó ń mi orí lára ògiri. "Mo ní B ńkọ́?" Ìyá àgbà tó jókòó tì wọ́n, tí òun náà mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, gbọ́ èyí, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì, ẹ̀ta sí tirẹ̀ létí, kí tirẹ̀ má baà jẹ́ òpè láàárín ẹgbẹ́.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni, ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan láàárín ìgboro Ìbàdàn. Aago mẹ́jọ kò tíì lù, bẹ́ǹṣì ti kún, àwọn tí kò ríbi jókòó sì ti gba abẹ́ igi máńgòrò lọ. Jẹ́lé-ó-sinmi ni gbogbo wọn bá wá, kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, tí wọ́n ya ẹja àti ọsàn sí ara ògiri rẹ̀. Màdáámù, ọ̀gá ilé-ìwé, gbà mí láyè kí n jókòó sí kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì rẹ̀, bí n kò bá ti ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, títí kan ti ilé-ìwé náà.

Ìdánwò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òbí ni wọ́n ń dán wò.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ wọlé, Táyé lọ́wọ́ ọ̀tún, Kẹ́hìndé lọ́wọ́ òsì, fáìlì onírọ́bà lábẹ́ abíyá. Kí akọ̀wé tó la ẹnu, ó ti tẹ́ ohun gbogbo sórí tábìlì ní méjì méjì: ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, káàdì àjẹsára, fótò pásípọ́ọ̀tù. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ti ṣe iṣẹ́ mi tán." Màdáámù bi í níbi tó ti gba ìwé ìbí. "Ọjọ́ tí mo gbé wọn lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mà. Obìnrin Àjọ Ìkànìyàn wà ní ilé ìwòsàn yẹn, ó sì kọ ọ́ fún mi."

Màdáámù gbé káàdì àjẹsára sún mọ́ ojú. Ó wo BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun. Ó wo ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ó wá fi ìka tẹ ti oṣù 9, níbi tí èéyi àti ibà pọ́njú wà, ó wo èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì ti oṣù 15. Ó ká apá aṣọ Táyé sókè, ó wo àpá kékeré tó wà lókè apá òsì, ó gbé ojú lọ sára Kẹ́hìndé, tìyẹn náà wà níbẹ̀. Ó ní àjẹsára ni òun kì í fi ṣeré rárá, torí pé inú yàrá kan ni gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí ti máa mí sí ara wọn láti àárọ̀ dọ̀sán.

Kíláàsì yìí kì í ṣe ojú àánú ẹnikẹ́ni. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ọdún 2004 ti ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè, ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2013 sì fi ọdún kan kún ẹ̀kọ́ tó pọn dandan, èyí tí ọmọ ọdún 5 yóò lò kó tó wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí fọ́ọ̀mù ibí fi jẹ́ ọ̀fẹ́, nígbà tí àwọn ilé-ìwé àdáni púpọ̀ ń ta tiwọn.

Ó wá kan ìyá àgbà. Kò ní ìwé kankan. Ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ni wọ́n ti bí ọmọ náà, ìyá rẹ̀ sì ti wá iṣẹ́ lọ sí Èkó. "Ọmọ ọdún mélòó ni, Màmá?" "Jímọ́ tó ṣíwájú Iléyá ni wọ́n bí i, ọdún tó tẹ̀ lé ti kòrónà." Akọ̀wé kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù, ó wá a: Iléyá ọdún 2021 bọ́ sí ọjọ́ Túsìdeè, 20 oṣù Keje. Ó ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. "Ọjọ́ 16 oṣù Keje nìyẹn. Ọdún mẹ́rin lé oṣù méjì." Ìyá àgbà wò ó bí ẹni tó ń wo babaláwo.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún ni ó fẹ́ kí wọ́n kọ, kí ọmọ lè tètè dé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan etí rẹ̀," ló wí, kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó ti gbé ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà gba orí kọjá sí etí òsì. Ìka kò dé ibì kankan, àtàrí ló parí sí. Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì ń bá wọn rín in.

Kì í ṣe àlá ni ìyá àgbà ń lá. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní ọdún 1955, àìmọye ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Etí ni ọ̀pọ̀ tíṣà fi ń mọ ẹni tó ti tó ọdún mẹ́fà, nítorí pé ní ọjọ́ orí yẹn ni apá ọmọ máa ń gùn tó láti yí orí rẹ̀ ká. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kàn án á padà sílé di ọdún tó ń bọ̀. "Màmá," akọ̀wé wí, "wọ́n ti yọ etí kúrò nínú fọ́ọ̀mù."

Wọ́n kọ ọmọ náà sí kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, pé bí ìwé bá dé, bíro á gùn ún. Màdáámù júwe ọ́fíìsì Àjọ Ìkànìyàn tó wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. "Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó."

Ìgbà tó wá kan ìyá oní-A-B-D, ó ti ń làágùn. Màdáámù pe ọmọ náà súnmọ́ra. "Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?" "Ògì àti àkàrà." "Ta ló wẹ̀ fún ẹ?" "Bọ̀dá mi." "Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ẹ́, kí lo máa sọ fún anti?" Ọmọ náà ronú. "Màá ní, 'Anti, ìgbẹ́.'" "Ó dáa. Lọ jókòó."

Ojú ìyá rẹ̀ fà ro. "Mà, ó mọ A títí dé Y o." "Mo gbà bẹ́ẹ̀. Tí kò bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, a máa kọ́ ọ." Lẹ́yìn tí wọ́n jáde, ó ṣàlàyé ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi. Àkọ́kọ́ ń sọ bóyá ọmọ ń gbọ́ràn, tó sì lè fèsì. Èkejì ń fi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé hàn, èyí tí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹni tó mú un wá. Ẹ̀kẹta ni yóò gba anti là. Ìlànà ìjọba fúnra rẹ̀ ní eré ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ tó ti mọ gbogbo rẹ̀ kí ó tó dé, kí ni ó wá ṣe?

Kí ìyá náà tó jáde, ó tún ti tọrọ gáfárà ní ẹnu ọ̀nà pé Yorùbá ni ọmọ òun fi dáhùn. Màdáámù ní Yorùbá ni òun fi bi í. Ó ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀: ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ̀yìn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn tí mo ti kúrò níbẹ̀. N kò rò pé ìfagilé yẹn lè yí bí ọmọ ọdún mẹ́rin ṣe ń pe ìgbẹ́ padà.

Ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì fọ́ọ̀mù ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ìlà mẹ́ta péré ni: orúkọ àwọn tó lè wá mú ọmọ lọ́sàn-án, bí wọ́n ṣe jẹ́ sí i, àti nọ́ńbà fóònù wọn. Baba ọlọ́kadà kan tó mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

"Èmi ni màá máa gbé e wá, èmi náà ni màá máa wá mú un."

"Bí èrò bá gbé yín lọ sí Mọníyà ńkọ́?"

"Màá tètè padà."

"Bí táyà bá jò lọ́nà ńkọ́, bàbá?"

Ó yọ fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ. Màdáámù ní kí ó jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ. Ó kí i, ó ní kí ó bá ọmọ sọ̀rọ̀. Bí ohùn yẹn ṣe jáde báyìí, ọmọ náà fò sókè: "Anti mi ni!" Ìgbà yẹn ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà kejì. Nọ́ńbà gbogbo tó wà nínú fọ́ọ̀mù ni akọ̀wé ń pè lójú òbí, kí ó tó lu òǹtẹ̀; ọ̀kan nínú ti Ìyá Ìbejì pàápàá kò wọlé, ó ní láti wá òmíràn.

Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Fọ́ọ̀mù yìí kò gba igba. Mẹ́ta ló gbà, ó sì fẹ́ mọ orúkọ wọn. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá tó bọ̀ láti ìlú òkèèrè tòun ti bisikíìtì, kò ní mú ọmọ kọjá géètì. "Ọmọ tí kò mọ B, màá kọ́ ọ," Màdáámù wí. "Ọmọ tí mo bá fi lé ẹni tí kò ni ín lọ́wọ́, níbo ni mo ti fẹ́ rí i padà?"

Lẹ́yìn òǹtẹ̀, ó di inú kíláàsì. Ẹní wà nílẹ̀, àga kéékèèké yí i ká, ìdérí ìgò aláwọ̀ oríṣiríṣi wà nínú abọ́ fún kíkà. Kẹ́hìndé dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó ti Táyé síwájú. Táyé wọlé, ó yí yàrá ká, ó gbọ́n abọ́ náà jìgìjìgì, ó bojú wẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni Kẹ́hìndé tó wọlé. "Ẹ̀gbọ́n ló rán an níṣẹ́," ìyá wọn wí, ó sì yára yọ́ jáde kí omijé tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó kù sí wà nínú kíláàsì kan náà. Ìlànà ìjọba ní ọmọ 25 ni kí olùkọ́ kan máa mójú tó. Orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà ti lé ní ogójì, anti kan àti olùrànlọ́wọ́ kan ló wà nílẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn aago mọ́kànlá, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ wọ́n sí, pé kí wọ́n máa retí ìpè. Ọ̀fẹ́ náà ní ààlà: yunifọ́ọ̀mù, ìgò omi, ọṣẹ, pátá ìpààrọ̀, ọwọ́ òbí ni gbogbo rẹ̀ wà. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, kíláàsì kìíní sí ìkẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi gbọ́dọ̀ gbé kúlà tirẹ̀ wá.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá ní ọmọ lẹ́yìn báyìí, kí ó má dúró de oṣù Kẹsàn-án ọdún kan kí ó tó sáré. Òfin 69 ti ọdún 1992 ti sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan, láàárín ọjọ́ 60. Ìwé tí ilé ìwòsàn fún yín kì í ṣe òun. Ti Àjọ Ìkànìyàn ni ilé-ìwé ń bèèrè. Ẹ gbà á lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ẹ fi káàdì àjẹsára pamọ́ síbi tí òjò kò lè dé. Kí ẹ tó kúrò nílé lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, ẹ forí korí pẹ̀lú ẹbí lórí ìlà mẹ́ta yẹn, kí ẹ sì rí i pé fóònù wọn ń wọlé. A, B, D lè dúró.