Nígbà tí Nọ́ńbà Wa bá Bọ́ sí Ọwọ́ Àjèjì

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ kan tí ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Paradigm Initiative, kéde pé ìkànnì kan wà tí a ń pè ní AnyVerify, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi 100 náírà péré ra ìwé NIN ọmọ Nàìjíríà, tàbí BVN rẹ̀, tàbí ìwé ìrìnnà rẹ̀. Láti fi hàn pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, wọ́n ra ìwé NIN ti Mínísítà tí ọ̀ràn ìbánisọ̀rọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gan-an. Oṣù mẹ́ta ṣáájú èyí ni ìròyìn irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ mìíràn, XpressVerify, ti kọ́kọ́ jáde. NIMC, àjọ tí ń tọ́jú NIN, dáhùn pé kò sí ẹni tí ó fọ́ ilé ìṣúra òun, àti pé òun kò fún irú àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ kankan.

A gbọ́ èsì náà, ṣùgbọ́n kò tù wá nínú. Ẹni tí ó rí aṣọ rẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà kò ní fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bóyá ojú fèrèsé ni olè gbà wọlé tàbí ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ọ̀dọ̀ ṣí sílẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni èyí tí yóò ṣe báyìí. Lórí èyí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò, tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ìkejà àti Agége.

Ẹni tí ó bá gba Allen Avenue lọ sí Òpèbí yóò kọjá báńkì, ilé ìtura, ilé ìtajà fóònù àti ọ́fíìsì lóríṣiríṣi. Bí ó bá sì yà díẹ̀, yóò dé Computer Village. Ṣàṣà ni èyí tí kì í bèèrè nọ́ńbà kan tàbí fọ́tókọ́pì kan lọ́wọ́ oníbàárà. Òṣìṣẹ́ tí ń wá iṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọba Akran tàbí Ògbà náà ń kó irú ìwé kan náà fún àwọn agbaniṣíṣẹ́. Ibi tí àwọn ìwé wọ̀nyí ń sùn lẹ́yìn tí a bá ti kúrò níbẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, a lè pààrọ̀ àgádágodo. Ṣùgbọ́n NIN, òǹkà 11, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń fún ènìyàn títí ọjọ́ ayé rẹ̀. BVN tí Báńkì Àgbà ti Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 2014 náà rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ pé, "Ó ti bọ́, kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́." Irọ́ ni. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Nọ́ńbà náà nìkan kò lè gba owó jáde ní báńkì. Ohun tí olè ń fi í ṣe ni pé ó ń fi í wá ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Fóònù dún, ọkùnrin kan kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó dárúkọ yín, ó ka ọjọ́ ìbí yín, ó ka BVN yín láìṣì ọ̀kan. Ó ní báńkì ni òun ti ń pè, pé ẹnì kan fẹ́ kó owó yín lọ, kí ẹ tètè ka òǹkà 6 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orí fóònù yín fún òun kí òun lè dá a dúró. Ta ni kò ní gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́? Òǹkà 6 yẹn gan-an sì ni kọ́kọ́rọ́ àpótí. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbọ́ pé àkọsílẹ̀ yín ti jò, ẹ má ṣe ka mímọ̀ tí ẹnì kan mọ̀ yín sí ẹ̀rí mọ́. Ẹ pa fóònù náà, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín, tàbí kí ẹ rìn dé báńkì. Òṣìṣẹ́ báńkì tòótọ́ kì í bèèrè PIN tàbí OTP.

Ọ̀nà kejì burú ju èyí lọ, nítorí kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín. Olè a sọ pé òun ni ẹ̀yin, pé síìmù òun sọnù, a sì gba síìmù tuntun lórí nọ́ńbà yín. Láti ìṣẹ́jú náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ń lọ. Àmì rẹ̀ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò ṣàdédé lọ lórí fóònù yín, nígbà tí ti ẹni tí ó jókòó tì yín kò lọ. Ẹ má ṣe rò pé iná ló lọ ní òpó wọn. Ẹ yá fóònù ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀, ẹ pe báńkì kí wọ́n ti àkáǹtì yín pa, kí ẹ tó pe ilé-iṣẹ́ síìmù. Ọ̀pọ̀ báńkì ní nọ́ńbà tí ó fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀, tí a lè tẹ̀ lórí fóònù ẹnikẹ́ni láti fi ti àkáǹtì pa. Ẹ kọ ti báńkì yín sínú ìwé, kì í ṣe sínú fóònù tí olè lè gbé lọ. Ẹ sì fi PIN sí síìmù náà fúnra rẹ̀, kí ẹni tí ó bá jí fóònù má baà yọ ọ́ sínú fóònù tirẹ̀.

Gbèsè tún wà níbẹ̀. Nígbà tí àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn bíi mílíọ̀nù 147 jò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Equifax ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2017, òfin wọn gbà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e pé ẹnikẹ́ni lè ti ìwé gbèsè rẹ̀ pa lọ́fẹ̀ẹ́, kí àjèjì má lè yá owó ní orúkọ rẹ̀. Níhìn-ín, CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ni ó ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè jọ, ẹ sì lè bèèrè tiyín lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá rí gbèsè tí ẹ kò jẹ níbẹ̀, ẹ kọ̀wé takò ó kí àwọn tí ń sin owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àna yín.

Láti ọdún 2022 ni NIMC ti gbé irú NIN mìíràn jáde, tí ó ní lẹ́tà àti òǹkà 16, tí kì í ṣiṣẹ́ ju wákàtí 72 lọ, tí a sì ń ṣe fún ẹni kan ṣoṣo tí ó bèèrè rẹ̀. Ẹ gbé e dé ilé ìtajà kan ní Allen kí ẹ wò ó bí wọn kò bá ní wò yín bí ẹni tí ó ná owó ayé àtijọ́! Fọ́tókọ́pì ni wọ́n ń fẹ́. Bí ó bá di dandan pé kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ fún, ọjọ́ náà àti ìdí rẹ̀ sí ojú ìwé náà, kí ẹlòmíràn má baà tún un lò.

Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sọ pé ilé-iṣẹ́ tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá jò lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì lè fa ewu, gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ NDPC láàrin wákàtí 72. Bí ewu náà bá pọ̀ fún oníbàárà, ó gbọ́dọ̀ sọ fún òun náà lójú ẹsẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tí ó yé e, kí ó sì sọ ohun tí ó lè ṣe. Ìtanràn fún ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó bá rú òfin náà lè tó mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tí ń wọlé fún un lọ́dún, èyí tí ó bá pọ̀ jù. Mélòó nínú yín ni ó ti rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gbà rí? Ẹni tí kò rí i gbà, tí ó sì mọ̀ pé àkọsílẹ̀ òun jò, lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí iwájú NDPC.

Ní ti àwọn báńkì tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ Allen Avenue, ohun kan ni a ń bèèrè lọ́wọ́ wọn kí oṣù yìí tó parí: kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí a fi ń ti àkáǹtì pa sí ẹnu ọ̀nà wọn ní èdè Yorùbá, gàdàgbà, kí ìyá tí ń tajà ní Ìpódò lè kà á láìbẹ ẹnikẹ́ni.